Ṣítù Kò Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Kẹ̀kẹ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹta ọdún 1961, Ṣítù gun kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ilé Bàbá Ìyàndá ní Ìrókò, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá," ó sì ń wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bàbá Ìyàndá wà lórí àga níta, ó ń run orín. Ọkùnrin mẹ́rin dúró tì í. Wọ́n wò ó títí kẹ̀kẹ́ náà fi yà sí ọ̀nà oko.

"Ìgbà kẹta rèé," Sàníù, ọ̀kan nínú wọn, ló sọ bẹ́ẹ̀. "Mo kà á."

Ní Ìrókò nígbà náà, ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ tó sì rí àgbà níwájú gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó fi kẹ̀kẹ́ ti ibì kan, kó dọ̀bálẹ̀, kó tó tún gùn ún. Ọmọ ilé ìwé mọ èyí. Ṣítù, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, mọ̀ ọ́n ju ọmọ ilé ìwé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ti fi pàṣán na ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí nítorí pé ó kí àgbà látorí kẹ̀kẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kò ju pé ó lè ṣubú lọ.

Ó ti tó ọdún méjì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí Ṣítù bá jáde nílé tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó bá ti kọjá ilé kẹta, ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Láti ibẹ̀ ó máa ń sọ̀ sí itan, láti itan á dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì á wá kú bí ẹni pé orí òwú ló ń tẹ̀. Bó bá dúró ṣánṣán kí ó lè sinmi, á tún burú sí i. Àfi kó fara ti ògiri kó sì tẹ̀ síwájú, tàbí kó lóṣòó bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Láìpẹ́ ẹ̀mí á padà sínú ẹsẹ̀ náà, á sì lè rin ìwọ̀n ilé mẹ́ta mìíràn. Ó ti mọ gbogbo ibi tó lè dúró sí lọ́nà: ìdí ọsàn, ògiri ilé alágbẹ̀dẹ, òkúta tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àwọn tó ń rí i sọ pé ó ti ya ọ̀lẹ, pé kò sí ibi tí kì í jókòó sí.

Tó bá ń ṣe àlùwàlá, tó sì di ojú rẹ̀ láti bu omi sí i, ara rẹ̀ á yẹ̀ bí ìgbà tí ẹnì kan tì í. Ojú ló fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ojú bá ti pa dé, ẹsẹ̀ ti sọnù nìyẹn. Nítorí náà ó ń jókòó ṣe àlùwàlá. Nídìí ìrun, ìdúró ni iṣẹ́, rúkúù, tí wọ́n ti ń tẹ̀ ba, ni ìsinmi. Ó máa ń pẹ́ ní rúkúù ju ìmáàmù lọ, àwọn tó tò sí sàfù ẹ̀yìn sì rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni.

Ṣùgbọ́n lórí kẹ̀kẹ́, tó bá tẹ̀ síwájú tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó lè wà á dé Mọ́níyà kó sì wà á padà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kú lẹ́ẹ̀kan.

Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mùjíbátù, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Ọlọ́runṣògo, mú un lọ sí ọsibítù kan n'Ìbàdàn. Wọ́n ya àwòrán egungun rẹ̀. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ awò ojú, gbé àwòrán náà sókè sí fèrèsé, ó sì fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó, Bàbá. Àwọn eegun yìí ti gbó, wọ́n ti jẹ. Ohun rírọ̀ tó yẹ kó wà láàárín wọn ti gbẹ. Inú wọn ni iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ń gbà, ojú ọ̀nà rẹ̀ sì ti há. Tí ẹ bá nàró, á fún iṣan yẹn. Tí ẹ bá tẹ̀ síwájú, ojú ọ̀nà náà á ṣí díẹ̀."

"Ṣé mo lè roko?"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ ń ro ó?"

"Mò ń ro ó."

"Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tẹ̀ ro ó ni, ẹ máa ro ó. Ẹ má ru ẹrù wúwo. A lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n mi ò ní tan yín, mi ò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ náà á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀."

Ṣítù kọ iṣẹ́ abẹ. Mùjíbátù bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó máa jókòó síwájú ilé, kó máa gba atẹ́gùn.

"Kí n máa ka àwọn tó ń kọjá?" ni Ṣítù bi í. Ní ọjọ́ kẹta ó ti padà sí Ìrókò.

Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àyàfi Fàtímọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ibí yìí ni ẹ̀bi tirẹ̀ wà. Gbólóhùn méjì péré ló yẹ kó sọ fún Bàbá Ìyàndá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ìbá sì ti tán. Ṣùgbọ́n ó kórìíra kí ènìyàn máa fi àìsàn rẹ̀ tọrọ àánú. Ó gbà pé ohun tí ẹnì kan bá lè ṣe ló yẹ kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ohun tó ń dùn ún.

Àwọn méjìlá ni wọ́n ń ṣe àáró pọ̀, Bàbá Ìyàndá sì ni olórí wọn. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Lójoojúmọ́ gbogbo wọn á lọ sí oko ẹnì kan, olúkúlùkù á kọ igba ebè, ní ọjọ́ kejì wọ́n á bọ́ sí oko ẹlòmíràn. Bí ó bá yí dé ọ̀dọ̀ ẹni, oko rẹ̀ á ní ẹgbẹ̀jìlá ebè ní ọjọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá yọ kúrò nínú àáró, òun nìkan ni yóò kọ gbogbo rẹ̀, kó tó kọ ọ́ tán èbù iṣu á ti jẹrà. Oko Ṣítù ló kẹ́yìn nínú ìyípo àkọ́kọ́ ọdún yẹn. Ó ti kọ ebè lóko àwọn mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ẹyọ kan lóko tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé yẹn, Fàtímọ̀ ti odò dé, ó sọ korobá kalẹ̀.

"Bàbá Mùjíbátù, wọ́n ní kí ẹ wá sílé Bàbá Ìyàndá lẹ́yìn ìrun àlàásárì. Sàníù ní ẹ̀ ń rí gbogbo wọn fín. Wọ́n fẹ́ yọ yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ta ni kò sọ? Ìyàwó Sàníù ló gbé omi rù mí. Ẹ sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́. Tàbí kí n lọ sọ ọ́?"

"O ò gbọdọ̀ lọ."

"Tí èbù bá rà, ṣé ìgbéraga yín la máa gún níyán?"

Ṣítù fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ó gun kẹ̀kẹ́ wọ inú àgbàlá Bàbá Ìyàndá, ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ etí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì jókòó lórí kẹ̀kẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn mọ́kànlá tó kù ti pé. Wándé, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, tó kéré jù nínú wọn, dìde láti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣítù mi orí. Wándé padà jókòó.

"Ṣítù," Bàbá Ìyàndá ní, "kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

"Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Bàbá."

"Bàbá rẹ àti èmi jọ dá oko pọ̀. Kí ló dé tí o fi ń kí mi látorí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi lè má gbà mí dúró. Eegun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi ló ti jẹ. Dókítà ti yà á wò. Tí mo bá nàró, ẹsẹ̀ mi á kú. Tí mo bá tẹ̀, á padà."

Wọ́n wo ara wọn lójú.

"Dúró ná," Sàníù ní. "Jẹ́ kó yé mi. Tí o bá ń rìn, ó ń dùn ọ́?"

"Ó ń dùn mí."

"Tí o bá ń gun kẹ̀kẹ́?"

"Kì í dùn mí."

"Tí o bá ń kọ ebè ńkọ́?"

"Kì í dùn mí tó ti ìdúró."

Sàníù yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ o. Ẹ̀yìn tí kò lè rìn, tó lè kọ ebè. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni kí Ọlọ́run fi ṣe àwọn ọmọ mi ọkùnrin. Tiwọn lè rìn dé Ìbàdàn, ebè ni kò lè kọ."

Ilé hó fún ẹ̀rín. Wándé rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìyàndá pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣítù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán.

"Oko ta ni ọ̀la?" ló bi wọ́n.

"Oko mi," Sàníù ní.

"Màá wá. Orí kẹ̀kẹ́ ni màá bá wá, mi ò sì ní dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Màá kọ igba ebè. Tó bá dín ẹyọ kan, kí ẹnì kankan má wá sí oko mi."

"A ò ní kí o wá ta tẹ́tẹ́," Bàbá Ìyàndá ní. "A ní kí o sọ̀ kalẹ̀."

"Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, Bàbá. Ebè ni mo lè kọ. Ohun tí mo ní ni mo gbé wá."

Ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó sì jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ó gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ẹnu yìí nìkan ni kò jẹ."

Ní ọjọ́ kejì ó dé oko Sàníù ṣáájú gbogbo wọn. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó di igi náà mú, ó tẹ̀ ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì kanlẹ̀ dé ibi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó kù dé, Sàníù pín ìlà. Ó fún Ṣítù ní ìlà tó wà nídìí kùkùté ìrókò, ibi tí gbòǹgbò pọ̀ sí jù.

"Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

"Oko tìrẹ ni," Ṣítù dáhùn. "Ìwọ lo máa jẹ iṣu ibẹ̀."

Ó gbé ọkọ́. Ọkọ́ wa kò ní èèkù gígùn. Ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá orúnkún dọ́gba. Ohun tó ń ba ẹ̀yìn àwọn mìíràn jẹ́ ni ó ń fún Ṣítù ní ìyè. Àwọn tó kù á kọ ogún ebè, wọ́n á nàró, wọ́n á fi ọwọ́ ti ìbàdí, wọ́n á kérora, wọ́n á wo ọ̀run bóyá òjò ń bọ̀. Ṣítù kò nàró. Tó bá kọ ogún, ó fi ewé kan lé ebè náà lórí, ó sì bọ́ sí òmíràn. Níbi tí gbòǹgbò bá wà, ó kúnlẹ̀, ó fi àdá gé e, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ láti orí ìkúnlẹ̀. Kò kánjú. Ó kàn kọ̀ láti fi àkókò ṣòfò.

Nígbà tí wọ́n dá iṣẹ́ dúró láti jẹ iṣu sísun, ewé márùn-ún ló ti wà lórí ebè rẹ̀. Àwọn tó kù kò tíì ju ọgọ́rin lọ. Ó lóṣòó jẹun. Wándé wá jókòó tì í.

"Bọ̀dá Ṣítù, ẹ má bínú sí ẹ̀rín àná. Ẹ jẹ́ ká mú yín lọ sórí òkè àdúrà wa. Wòlíì á gbàdúrà fún ẹ̀yìn yẹn."

"Orí òkè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló máa gùn ún? Èmi àbí kẹ̀kẹ́?"

Wándé rò ó. "A lè gbé yín."

"Kí ẹ tó gbé mi dé òkè, ẹ̀yin náà á ti ní ẹ̀yìn tó jẹ. Jẹ iṣu rẹ."

Lẹ́yìn ìrun àílà, ewé kẹsàn-án. Oòrùn mú. Kì í ṣe pé kò dùn ún; ìbàdí rẹ̀ ń gbóná bí ẹni gbé ẹyin iná sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ti bó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàyè, ó ń mọ ilẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ parí. Ó fi ewé kẹwàá lé ebè tó kẹ́yìn, ó sì wà níbẹ̀ ní ìtẹ̀ba, ó gbé ìgúnpá lé orúnkún.

"Ẹ jáde wá ká kà á," Bàbá Ìyàndá pè láti ẹ̀gbẹ́ oko, nígbà tí àwọn tó kù parí.

Ṣítù nàró. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti kùkùté ìrókò tó fẹ́ fara tì. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ọ̀tún. Ó wò ó, ó gbé òsì. Sàníù pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó yíjú. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ rẹ̀ ju ìṣẹ́jú akàn lọ, ilẹ̀ sì ti pòórá lábẹ́ rẹ̀. Ó ṣubú sẹ́yìn gbàgà, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ sórí ebè tó kọ kẹ́yìn, ebè náà sì túká lábẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó sì gé e kúrò. Gbogbo wọn ti rí ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀tàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Wándé sáré wá, ó na ọwọ́.

"Fi mí sílẹ̀," Ṣítù ní. "Ẹ ka ebè."

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé yín..."

"Mo ní kí ẹ kà á."

Bàbá Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló kà á. Ó rìn láti ewé dé ewé, ó ń kà wọ́n lógún-lógún, ó sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ebè kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ki. Ó padà dé ibi tí Ṣítù dùbúlẹ̀ sí.

"Igba ó dín kan," Sàníù ló sọ ọ́ kí Bàbá tó lanu. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ló yára. Ó wá fi kún un. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹyọ kan."

Ṣítù yí ara rẹ̀ padà, ó dojú bolẹ̀, ó fi ọwọ́ àti ìgúnpá fa ara rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ tó túká náà. Ó kúnlẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹsẹ̀ lè padà. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ sí ọkọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ilẹ̀ jọ. Ó kọ ebè náà láti orí orúnkún, ó rá yí i ká bí ọmọdé, ó fi ọwọ́ gbá ara ebè náà kí ó lè le. Gbogbo àwọn ọkùnrin náà dúró, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó parí, ó wá ewé náà láàárín ilẹ̀, ó gbọn ún, ó sì gbé e padà sórí ebè.

"Ẹ kà á," ló wí.

"Mo ti kà á," Bàbá Ìyàndá ní. "Igba ni."

"Ìkíni ńkọ́?" Sàníù bèèrè.

"Èmi ni Ṣítù ń kí, kì í ṣe ìwọ. Bó bá ṣe lè gbé e wá ni màá ṣe gbà á." Bàbá Ìyàndá yíjú sí Ṣítù. "Àmọ́ ìwọ náà, Ṣítù, ọjọ́ wo ni dókítà ya egungun rẹ wò?"

"Oṣù kìn-ín-ní."

"Oṣù kìn-ín-ní. Ṣé kì í ṣe oṣù kẹta la wà yìí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Oṣù méjì lo fi jẹ́ kí n máa bínú lásán. Ìyẹn dùn mí ju kẹ̀kẹ́ lọ."

Ṣítù tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ má bínú." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ó rá kòrò dé ìdí igi, ó fa ara rẹ̀ gun kẹ̀kẹ́, kò sì sí ẹni tó tún na ọwọ́ sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ ó yí dé oko rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá pé. Fàtímọ̀, tó ti gbé oúnjẹ wá, dúró tì í níbi tó ti ń wá ọkọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, kò tíì lè sùn lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀ bó bá rìn.

"Oko yín ni, ẹ lè jókòó lónìí," Fàtímọ̀ ní. "Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí."

"Nítorí pé oko mi ni, ṣé kí n máa wo àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀?"

Ó tẹ̀ ba, ó wọ ìlà. Sàníù ló wà ní ìlà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá ó ní, "Ilẹ̀ rẹ le o. Ṣé o máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí àlejò lè jìyà?"

"Ọwọ́ rẹ ló rọ̀."

Títí wọ́n fi dá iṣẹ́ dúró fún oúnjẹ, Ṣítù kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kú àní bó ti wà ní ìtẹ̀ba, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ kọ mẹ́wàá sí i. Lẹ́yìn náà ó kọ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ dúró, ó sì fi orí ti èèkù ọkọ́.

Nígbà tí Bàbá Ìyàndá ń ka ìlà káàkiri, ó fẹ́ fò ti Ṣítù kọjá. Kò sí òfin tó ní kí ẹni tó ni oko pé igba ebè lóko ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣítù gbé orí sókè.

"Mo kọ àádọ́rùn-ún," ó wí, kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹnikẹ́ni kò bi ọ́."

"Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò bi mí, Bàbá. Àádọ́rùn-ún ni. Ẹ fi í sọ́kàn bẹ́ẹ̀. Lọ́la la máa bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì láti oko yín, màá wá."

"O máa wá kọ mélòó?"

Ṣítù fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó tò ó sábẹ́ ara rẹ̀ bó ti yẹ kó wà, ó sì tún gbá ọkọ́ mú.

"Ẹ jẹ́ kí n dé bẹ̀ ná," ó wí.